Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ẹ̀kọ́ tí Sàró kọ́ lẹ́yìn ogun

Bí wọ́n bá dárúkọ Sierra Leone, orílẹ̀-èdè tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró, ohun méjì ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn: ogun àti dáyámọ́ńdì. Wọn kò jẹ̀bi. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 1991 kò parí títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó wà lábẹ́ ECOMOG sì wà lára àwọn tó bá wọn pa iná rẹ̀. Dáyámọ́ńdì tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń kó sọdá ẹnubodè ni wọ́n fi ń ra ìbọn.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, ìbéèrè tó wà níwájú ìjọba ni pé, kí ni wọn yóò máa tà tí ará ìlú yóò fi jẹun?

Dáyámọ́ńdì ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Òkúta yìí kéré, ó sì níye lórí. Èèyàn lè dì í mọ́ etí aṣọ, kó gbé e kọjá níwájú aṣọ́bodè láìsan kọ́bọ̀. Ètò Kimberley tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 ló sọ ọ́ di dandan pé kí dáyámọ́ńdì tí wọn kò tíì gé ní ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2001, ìjọba ti ṣètò pé kí ìdá kan nínú mẹ́rin owó orí tí wọ́n ń gbà lórí dáyámọ́ńdì tó ń lọ sókè òkun máa padà sí àgbègbè tí wọ́n ti wà á. Bí ará abúlé bá mọ̀ pé òun yóò jẹ níbẹ̀, kò ní í fẹ́ kó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde.

Lẹ́yìn náà ni òkúta irin dé. Ní 2011 tí iléeṣẹ́ African Minerals bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde láti Tonkolili, tọ́ọ̀nù kan ti ta ju 180 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Ní 2013, ọrọ̀ ajé Sierra Leone fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbòòrò sí i. Inú àwọn olùdókòwò dùn, àmọ́ irin ló kó ìpín tó pọ̀ jù nínú ìdàgbàsókè náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ní 2014, àrùn Ebola wọlé, ó sì pa èèyàn tó sún mọ́ 4,000. Ọdún yẹn kan náà ni owó irin já wálẹ̀. Nígbà tí 2015 fi máa parí, tọ́ọ̀nù kan kò tó 40 dọ́là mọ́. Iléeṣẹ́ ńlá méjì tó ń wa irin kógbá sílé. Ní 2015 náà, ọrọ̀ ajé súnkì ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ló dé tí ìṣubú náà fi le tó bẹ́ẹ̀? Ìwakùsà ńlá ń mú dọ́là wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí irin ń tà, àgbẹ̀ abúlé kò rí púpọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí kò tà mọ́, owó tó ń wọ àpò ìjọba dínkù, owó leone rẹlẹ̀, ìrẹsì tó ń ti òkè òkun wọlé sì gbówó lórí. Bẹ́ẹ̀, ará Sierra Leone tí kò tíì jẹ ìrẹsì lóòjọ́ máa ń sọ pé òun ò tíì jẹun.

Ìdí nìyí tí Ààrẹ Julius Maada Bio fi gbé ètò Feed Salone kalẹ̀ ní 2023, kí oúnjẹ tí wọ́n ń gbìn nílé lè pọ̀ sí i. Kòkó náà wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé. Kailahun, níbi tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, tí Ebola náà sì ti kọ́kọ́ yọjú lórílẹ̀-èdè ọ̀hún, jẹ́ ilẹ̀ kòkó. Igi kòkó máa ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, ẹni tí kò dá a lójú pé òun yóò ṣì wà nílé nígbà náà kò ní í gbìn ín.

Ọ̀nà ṣì jìn. Ní 2022, wọ́n yọ òdo mẹ́ta kúrò lára owó leone, 10,000 àtijọ́ wá di 10, àmọ́ ìyẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ní 2016, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà náà súnkì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Orílẹ̀-èdè tó bá ní ẹyọ ọ̀nà kan, ọjọ́ tí ọ̀nà náà bá dí ni ebi yóò wọlé.