Ọ̀gágun Benjamin Davis: Ọdún Mẹ́rin Láìsí Alábàásọ̀rọ̀

Nígbàkígbà tí a bá ń ṣe àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ a máa rántí àwọn tí wọ́n jọ sùn ní yàrá kan, tí wọ́n sì jọ jẹun lórí tábìlì kan náà. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìlú Washington ni a ti bí Benjamin Davis ní oṣù Kejìlá ọdún 1912. Ológun ni bàbá rẹ̀, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń jẹ́. Nígbà tí Davis wà ní ọ̀dọ́langba, awakọ̀ òfuurufú kan gbé e fò, láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí sì ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ní 1932 ó wọ West Point, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di aláṣẹ nínú iṣẹ́ ológun. Nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé àwọn kì yóò bá a sọ̀rọ̀, àfi bí iṣẹ́ bá kàn án ní dandan. Òun nìkan ni ó ń dá gbé yàrá. Bí ó bá jókòó láti jẹun, kò sí ẹni tí yóò yà sí i. Ọdún mẹ́rin gbáko ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀. Ìrètí wọn ni pé yóò sú u, yóò sì padà sílé. Kò padà. Nígbà tí wọ́n jáde ní 1936, ipò 35 ni ó wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ 276.

Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun sí ẹ̀ka òfuurufú, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, nítorí pé kò sí ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kankan níbẹ̀. Ọdún 1941 ni ìjọba tó ṣí ilẹ̀kùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn 13 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́. Àwọn 5 péré ni wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù Kẹta 1942, Davis sì wà lára wọn.

Ní 1943 ó kó ẹgbẹ́ 99 lọ sójú ogun ní Àríwá Áfíríkà. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá kan fi kọ̀wé pé àwọn aláwọ̀ dúdú kò ní ìgboyà tó fún iṣẹ́ náà. Davis fúnra rẹ̀ lọ sí Washington láti fèsì. Ní oṣù Kìíní 1944, lókè Anzio ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 99 já ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá 12 lulẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀rọ̀ àìnígboyà parí síbẹ̀.

Davis tún ṣe olórí ẹgbẹ́ 332, àwọn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ìrù ọkọ̀ wọn. Ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ọkọ̀ ńlá tí ń ju bọ́ǹbù wúwo, kò sì yára. Bí àṣá ti ń já lu òròmọdìẹ ni ọkọ̀ ọ̀tá ṣe ń já lù ú. Ọkọ̀ kékeré ajagun ni ó ń sìn ín lọ, tí ó sì ń dáàbò bò ó. Àdánwò awakọ̀ ni pé kí ó fi ẹni tí ó ń ṣọ́ sílẹ̀, kí ó lé ọ̀tá lọ kí òkìkí rẹ̀ lè kàn. Davis kìlọ̀ gidigidi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ọkọ̀ kankan kò ṣègbé lọ́wọ́ wọn rí; kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí rí i pé nǹkan bí 27 ni ọ̀tá já lulẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré sí iye tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yòókù tí ń ṣe irú iṣẹ́ náà.

Ní 1948 Ààrẹ Truman pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun. Davis di ọ̀gágun ní 1954. Ní 1967 ó di aláṣẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Kẹtàlá, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Clark, ní ilẹ̀ Philippines. Ó fẹ̀yìn tì ní 1970. Ní 1998 Ààrẹ Clinton fi ìràwọ̀ kẹrin dá a lọ́lá, ó sì papò dà ní 2002.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀kọ́ ìfaradà nìyẹn fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì kan àwa fúnra wa. Àwọn tí wọ́n yan Davis lódì kì í ṣe òǹrorò tí a kó wá láti ibòmíràn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n, wọ́n ní òbí, wọ́n sì ní olùkọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó lè fara da ohun tí ó fara dà. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ yín bá dé fún ìsinmi, tí ẹ sì ti béèrè ipò tí ó ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í pẹ̀lú pé: ta ni ọmọ tí ẹnikẹ́ni kì í bá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì yín, kí ni ìwọ sì ti ṣe sí i?