BÍ A ṢE Ń LO OÒGÙN ÌRẸ̀WẸ̀SÌ ỌKÀN

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan ń ta àkàsà ní ọjà Wàńdò, ní Àjàṣẹ́. Láti oṣù méjì, kò rí oorun sùn. Oúnjẹ kò wù ú jẹ. Ọjà kò wù ú ná mọ́. Ó ń sunkún láìsí ẹni tí ó lù ú. Àwọn ará ilé ní ọ̀lẹ ni ó ń ṣe. Àwọn mìíràn ní ayé ni.

Ọ̀lẹ kọ́. Àìsàn ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni à ń pè é. Bí irú èyí bá ń ṣe ènìyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́, ibì kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint-Camille ni ó ni ín. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ó ti ṣe iṣẹ́ táyà rí, ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní Kútọ̀nu, ilé ìwòsàn Jacquot wà.

Dókítà lè bá aláìsàn sọ̀rọ̀ nìkan. Ó sì lè kọ oògùn fún un. Amitriptyline àti fluoxetine wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kọ. Alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lo amitriptyline, nítorí pé ó ń kun ènìyàn lóorun. Òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lo fluoxetine, nítorí pé ó lè lé oorun lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà bá kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹ má ra oògùn yìí lórí àtẹ. Fámásì ni kí ẹ mú ìwé dókítà lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá wọ Adjégounlè, ní ọjà Dantokpa ní Kútọ̀nu, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn àtẹ. Oògùn àtẹ lè jẹ́ ayédèrú. Oòrùn sì lè ti bà á jẹ́.

2. Ẹ ní sùúrù. Oògùn yìí kò rí bí oògùn ẹ̀fọ́rí. Àgbàdo tí a gbìn lónìí, a kì í ká a lọ́la. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Kí ó tó dìgbà náà, ẹnu lè gbẹ, èébì lè máa gbé ènìyàn, oorun lè máa kùn ún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Bí ó bá le jù, ẹ padà lọ sọ fún dókítà.

3. Ẹ ṣọ́ aláìsàn, pàápàá ọ̀dọ́, ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Èrò ikú lè wá sí i lọ́kàn. Bí ó bá sọ pé ikú yá ju ayé òun lọ, ẹ má bú u, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ilé máa tọ́jú oògùn náà, kí ó sì pa á mọ́ kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Amitriptyline tí ó bá pọ̀ jù lè dá ọkàn dúró, kí ó sì pa ènìyàn.

4. Bí ẹ bá gbàgbé ti àná, ẹ má lo ìlọ́po méjì lónìí.

5. Ẹ má fi sódábì tàbí ọtí mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi tramadol tí wọ́n ń tà kiri pọ̀ mọ́ ọn: ó lè fa gìrì. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà. Aboyún àti ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ má gun zém.

6. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín nítorí pé ara ti yá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ó sábà máa ń tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn tí ara bá ti yá kí dókítà tó ní kí á dáwọ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa dín in kù. Bí a bá já a lójijì, òyì lè máa kọ́ni, oorun lè dá, àìsàn náà sì lè padà.

7. Ẹ má fún ẹlòmíràn lára oògùn yín. Ti yín ni dókítà wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ mú páálí oògùn. Ẹ ka orúkọ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá òun ni dókítà kọ sínú ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Bí ìyá alákàsà wa bá ní òun kò tíì rí nǹkan kan, ẹ ka ọjọ́ fún un: "Ìyá, ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Ẹ jẹ́ ká fara dà á."

Ìbéèrè
1. Kí ni ó dé tí kò yẹ kí a dá oògùn yìí dúró lójijì?
2. Kí ni ẹ máa ṣe bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀ ikú?