Fernando Lopes-Graça: Olórin Portugal tí ìjọba jù sẹ́wọ̀n nítorí òṣèlú

Lọ́dún 1931, Fernando Lopes-Graça gbégbá orókè nínú ìdánwò láti di olùkọ́ píánò nílé ẹ̀kọ́ orin ìjọba ní Lisbon. Kàkà kó gba iṣẹ́, ọlọ́pàá ló wá gbé e, torí pé ó ń tako ìjọba ológun.

Ìlú Tomar ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1906. Nígbà tó gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ láti lọ sí Paris lọ́dún 1934, ìjọba ní kò gbọdọ̀ lọ. Wọ́n tún tì í mọ́lé lọ́dún 1936. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó dá ara rẹ̀ lọ, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Charles Koechlin.

Orin àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ló wá gbájú mọ́. Ìjọba náà fẹ́ràn orin ìbílẹ̀, bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ mọ́ tán. Bó ṣe rí gan-an ni Lopes-Graça fẹ́ ẹ. Òun àti Michel Giacometti, ọmọ Corsica tó ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kiri abúlé, ló jọ kó o sínú àwo láti ọdún 1960.

Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1954, wọ́n ti gba ìwé àṣẹ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba náà ṣubú lóṣù Kẹrin 1974, nígbà tó di ẹni ọdún 67. Lọ́dún 1979, ó kọ orin Requiem fún àwọn tí ìjọba náà ṣe níkà.