Ta Ló Jókòó sí Àga Ọba?

Ọjọ́ tí Macbeth fẹ́ pa Banquo gan-an ló pè é wá síbi àsè. Ó ní kó má ṣàì wá, Banquo sì dáhùn pé òun kò ní ṣàì wá. Kí àsè tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí Macbeth háyà ti dá a lọ́nà, wọ́n ti dá ọgbẹ́ 20 sí i lórí, wọ́n sì ti sọ òkú rẹ̀ sínú kòtò. Síbẹ̀, Banquo wá. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Ìran kẹrin nínú apá kẹta eré *Macbeth* nìyẹn, eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1606. Mo ti darí ìran yìí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ti darí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣèré tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ohun kan náà ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń bi mí: báwo la ṣe máa ṣe òkú yìí? Èsì mi kì í yí padà: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to àga.

Fún ẹni tí kò tíì ka eré náà, ọ̀gágun ni Macbeth ní ilẹ̀ Skọ́tìláǹdì. Àwọn àjẹ́ mẹ́ta sọ fún un pé yóò jọba. Wọ́n sọ fún Banquo, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé òun kò ní jọba, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ ẹ́. Macbeth àti ìyàwó rẹ̀ pa Ọba Duncan lójú oorun, nínú ilé wọn níbi tó ti ṣe àlejò. Adé ti dé orí Macbeth báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ Banquo kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀.

Bí ìran náà ṣe bẹ̀rẹ̀, Macbeth ní kálukú àwọn ìjòyè mọ ipò rẹ̀, kí wọ́n jókòó. Ìyàwó rẹ̀ gúnwà sórí ìtẹ́. Macbeth ní tòun ní àárín èrò lòun máa wà, bí onílé tó kóni mọ́ra. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ààfin nílẹ̀ Yorùbá rí mọ bí ọ̀rọ̀ ipò yẹn ṣe wúwo tó: ibi tí ìjòyè jókòó sí ló ń sọ ẹni tó jẹ́. Nígbà tí ìran náà yóò fi parí, ìyàwó ọba ló ń bẹ àwọn ìjòyè yìí kan náà pé kí wọ́n má wo ti ipò mọ́, kí wọ́n ṣáà máa lọ kíákíá. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ìlú dàrú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi tábìlì dábùú orí ìtàgé. Mo máa ń gbé e dàgẹ̀rẹ̀, kí òǹwòran lè rí ojú gbogbo àlejò, kó sì rí àga kan ṣoṣo tó ṣófo láàárín wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, apànìyàn kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ní Banquo ti kú, ṣùgbọ́n Fleance ọmọ rẹ̀ sá lọ. Ọ̀pọ̀ olùdarí ló ń sáré kọjá níbí, ó sì máa ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò máa wo ẹ̀yìn ọba tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú oúnjẹ tó ń tutù, títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi rán an létí pé àsè tí onílé kò bá ti dá àlejò lára yá, oúnjẹ tí wọ́n fowó rà ni.

Macbeth padà sídìí àsè, ó ní ì bá dùn tí Banquo bá wà níbẹ̀. Òkú náà ti wọlé. Ìwé tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ eré náà jáde, ní 1623, sọ ibi tó jókòó sí: àyè Macbeth. Kò jókòó sí àyè ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní irú-ọmọ rẹ̀ yóò jọba ti gba àga ọba. Lennox, ọ̀kan lára àwọn ìjòyè, ní kí Kábíyèsí jókòó. Macbeth ní tábìlì ti kún. Lennox nawọ́ sí àga náà, ó ní àyè rèé. Lójú Lennox, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣeré ní ilé ìṣeré Globe ní Lọ́ńdọ̀n láyé Shakespeare, kò sí iná tí wọ́n lè pa láti fi bo nǹkan kan. Simon Forman, oníṣègùn tó tún jẹ́ awòràwọ̀, wo eré náà níbẹ̀ ní 1611. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Macbeth dìde láti mu ọtí ní orúkọ Banquo, òkú náà wá jókòó sí àga lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó yíjú padà ló rí i. Mo fara mọ́ ọgbọ́n yẹn gan-an. Mo máa ń mú kí àwọn àlejò dìde nígbà tí ọba ń súre fún wọn. Ara wọn á bo àga, òṣèré á gba ẹ̀yìn wọn wọlé. Bí wọ́n bá fi máa jókòó, ó ti wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà pé kí òkú náà hàn. Ní 1794, ní ilé ìṣeré Drury Lane, òṣèré John Philip Kemble yọ ọ́ kúrò, ó ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùdarí Trevor Nunn ṣe ní 1976, tí Ian McKellen jẹ́ Macbeth. Ní 2007, olùdarí mìíràn, Rupert Goold, ṣe méjèèjì: a rí òkú ẹlẹ́jẹ̀ náà, wọ́n dáwọ́ dúró kí òǹwòran sinmi, wọ́n tún ṣe àsè kan náà láìsí òkú, bí ó ṣe rí lójú àwọn àlejò. Àga òfìfo lágbára, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí Banquo, a ti di àlejò nìyẹn, a ó máa káàánú ọba tí orí rẹ̀ dàrú. Bí a bá rí i, a ti di ẹlẹ́rìí. A mọ ohun tí àwọn tó wà nídìí tábìlì kò mọ̀, a kò sì lè sọ fún wọn. Èyí ni mo fara mọ́.

Iṣẹ́ tó le jù wà lọ́wọ́ àwọn tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Macbeth pariwo pé ẹnikẹ́ni kò lè ní òun lòun ṣe é. Ta ló fẹ̀sùn kàn án? Gbogbo wọn gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní àìsàn àtikékeré ni, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó, ó ń bú ọkọ rẹ̀ sétí pé ṣé ọkùnrin ni. Nígbà tí Ross, ìjòyè mìíràn, bi ọba léèrè ohun tó rí, obìnrin yìí já ọ̀rọ̀ gbà kíákíá, nítorí ìdáhùn tó bá jáde ẹnu Macbeth lè di ìjẹ́wọ́. Mo máa ń bi òṣèré kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ àlejò pé: ọ̀rọ̀ wo lo gbọ́ tí o fi mọ̀? Kò gbọdọ̀ sọ èsì náà fún ẹnikẹ́ni. Ìran kejì lẹ́yìn èyí, Lennox ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gún nípa gbogbo ikú tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká Macbeth.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ku tọkọtaya. Macbeth ní òun ní amí nínú ilé gbogbo ìjòyè, pé òun máa lọ bá àwọn àjẹ́ lọ́la. Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń darí rẹ̀ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rí nǹkan sọ ju pé kó lọ sùn. A kò tún ní rí àwọn méjèèjì pọ̀ lórí ìtàgé mọ́ títí eré yóò fi parí.

Wálé Ògúnyẹmí ti sọ *Macbeth* di *Ààrẹ Àkógun* láti àwọn ọdún 1960, nítorí náà eré yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré yìí fún ìdánwò, ẹ bá mi sọ ìwé kalẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ to àga, kí àwọn ọmọ dìde, kí gbogbo wọn gba ipò àlejò ní kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ọba.