Kọ́mú, Àmùrè àti Aṣọ Ìpìlẹ̀

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní mọfọ́lọ́jì á rántí "kọ́mú". Kọ́ àti ọmú ni. Ìpajẹ fáwẹ́lì wáyé, ó di kọ́mú. (Kọ́ ti ká gbé nǹkan kọ́ o, kì í ṣe ti ìwé kíkọ́.) Orúkọ tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ ni: iṣẹ́ tí aṣọ náà ń ṣe ló sọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ń tà á, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

"Brassière" tí àwọn Òyìnbó gé kù sí "bra", inú ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí apá ló ti wá. Títí dòní, ẹ̀wù péńpé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Faransé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kọ́mú ní Paris, "soutien-gorge" ni kẹ́ ẹ béèrè. "Girdle" ńkọ́? Ìgbànú lásán ni tẹ́lẹ̀, òun ni Bíbélì wa pè ní àmùrè. Ṣùgbọ́n àmùrè tí obìnrin Amẹ́ríkà ń wọ̀ ní nǹkan bí 1950 kì í ṣe èyí tí wòlíì ń dì. Láti ìbàdí dé itan ló ń fún wọn pọ̀, àwọn okùn oníkọ̀ọ́ sì ń rọ̀ létí rẹ̀ tí wọ́n fi ń há ìbọ̀sẹ̀ gígùn.

Àpapọ̀ wọn ni wọ́n ń pè ní "foundation garments", aṣọ ìpìlẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n inú ìyẹn. Tí aṣọ abẹ́ bá jẹ́ ìpìlẹ̀, tí kaba jẹ́ ilé, kí wá ni ara obìnrin? Ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ nǹkan kan sí ni! Lójú tèmi, orúkọ yẹn gan-an ni olórí ìpolówó.

Ní 1940 ni Playtex gbé àmùrè onírọ́bà jáde, wọ́n pè é ní "Living Girdle", àmùrè alààyè. Àfi kí obìnrin da àtíkè sára kó tó lè wọ̀ ọ́, tó bá sì máa bọ́ ọ, òógùn á ti bò ó. Ohun tí kì í jẹ́ kí awọ ara mí ni wọ́n pè ní alààyè.

Ti Maidenform ló dùn mọ́ mi jù. Láti 1949 títí di 1969, wọ́n ń ya obìnrin tó wọ kọ́mú nìkan sókè, láàárín ìgboro, tó ń sọ pé òun lálàá pé òun lọ ra ọjà. Ìpolówó kan tiẹ̀ ní ó lálàá pé òun wọlé ìbò! Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, "lálàá", ló kó gbogbo wọn yọ. Ta ló máa mú alálàá? Àmọ́ ẹ kíyè sí i: àtìhòòhò àtìbò, ojú àlá kan náà ni wọ́n fi sí.

Kì í ṣe àríyànjiyàn ló lé àmùrè lọ. Ní 1958, Joseph Shivers ṣe òwú tó ń nà ní iléeṣẹ́ DuPont. Ní 1959, Glen Raven rán ìbọ̀sẹ̀ mọ́ pátá. Nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì péńpé sì dé láwọn ọdún 1960, okùn oníkọ̀ọ́ yẹn ò ríbi sá pamọ́ sí mọ́.