Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwọn mọ́ńkì tó jí orin Máàsì dìde

Rògbòdìyàn ọdún 1789 ní Faransé ló ti ilẹ̀kùn ilé àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ pa. Ní 1833, àlùfáà ọ̀dọ́ kan, Prosper Guéranger, tún èyí tó wà ní Solesmes ṣí. Ó fẹ́ kí àdúrà Ìjọ Kátólíìkì tún padà di oúnjẹ ọkàn àwọn onígbàgbọ́.

Iṣẹ́ ńlá ni! Àwọn mọ́ńkì rẹ̀ ń ti ilé ìkówèésí kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń da ìwé orin àfọwọ́kọ àtijọ́ kọ, wọ́n ń fi wọ́n wéra, kí orin Gregory, ìyẹn orin àtijọ́ tí Ìjọ ń kọ ní Máàsì, tó ti dàrú lè padà bọ̀ sípò. Ní 1904, Póòpù Pius Kẹwàá ní kí wọ́n bá Ìjọ ṣètò ìtẹ̀jáde rẹ̀.

Èyí tó wuni jù wà nílẹ̀ Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn mọ́ńkì Solesmes dá ilé Keur Moussa sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà. Kora, ohun èlò olókùn 21 tí àwọn arọ́kin Mandinka ń ta, wọ inú ìjọsìn níbẹ̀. Àwọn mọ́ńkì náà tiẹ̀ ń ṣe é fúnra wọn. Ní oṣù Kejìlá 1963, Àpérò Vatican Kejì ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ fọwọ́ sí i pé kí orin ìbílẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú ìjọsìn.