CT Scan Ò Rí Nǹkan, Àmọ́ Ó Ń Gbàgbé: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba títì Èkó sí Abẹ́òkúta kọjá ládùúgbò mi ní Abúlé Ẹ̀gbá mọ bí ọ̀kadà ṣe ń sáré láàárín tírélà àti dánfó. Bí ẹnì kan bá fi orí gbálẹ̀ níbẹ̀, tí CT scan ò sì rí nǹkan, a ó dúpẹ́, a ó gbà pé ó ti parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

CT scan lè fi eegun tó sán àti ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ hàn. Kò lè fi ìgbàgbé hàn. Àwọn okùn tín-ín-rín tí apá kan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì lè fara pa láì sí ojú ọgbẹ́. Torí náà, àfi kí wọ́n bi ẹni tó ń ṣe léèrè.

Ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń lò ni Rivermead, tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1995. Nǹkan 16 ló ń béèrè. Mẹ́ta nínú wọn dá lé ìrònú: ìgbàgbé, àìlè fọkàn sí nǹkan, àti kí ìrònú máa falẹ̀. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 4. Ọgbọ́n ibẹ̀ rèé: 1 túmọ̀ sí pé ó ń ṣe mí, àmọ́ kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn kì í ka 1 yẹn mọ́ àròpọ̀. Ṣebí gbogbo wa la máa ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́? Àyípadà ni wọ́n ń wá.

Àmọ́ ẹnu aláìsàn nìkan ò tó. Àìsùn, ìrora àti ìbànújẹ́ lè mú kí máàkì náà ga. Ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀, ọpọlọ tó fara pa ò ní jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi ará ilé. Nígbà tí àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indianapolis ń wádìí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà láti ọdún 1992, wọ́n bi àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn léèrè ní Yorùbá, wọ́n sì bi ẹbí wọn náà.

Ẹ wo mẹkáníìkì tó ń gbàgbé nọ́ọ̀tì tó yẹ kó dè. Ọ̀gá á ní ọ̀lẹ ni, ìyá á ní ayé ló ń ṣe é. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ẹ kọ ohun tó ń gbàgbé sílẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ mú un lọ fún dókítà. Àmọ́ tó bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tàbí tó sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.